Ta Ló Ni Ilẹ̀ Abẹ́ Ẹ́ḿbásì? Àlàyé Lórí Àdúgbò Àwọn Aṣojú Òkèèrè ní Àbújá

Ní ọdún 2025, nígbà tí rédíò gbé e pé ẹ́ḿbásì 34 ló jẹ ìjọba Àbújá lówó ilẹ̀, pé wọ́n sì lè torí ẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọn pa, àríyànjiyàn sọ ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Tákìe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé ni mò ń tẹ̀, mo sì ń bá èèyàn kún fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹni tó ń wá físà kì í yà lọ́dọ̀ mi, nítorí náà gbogbo ẹni tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi ló gbà pé òun mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ́ḿbásì.

Bàbá kan tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Kùmásí ló kọ́kọ́ la ẹnu. Gánà ni wọ́n bí i sí, ó wà lára àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó tẹ̀lé òbí wọn wálé nígbà tí ìjọba Gánà ní kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú máa lọ ní 1969.

Bàbá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà. Bóo bá ti wọ géètì ẹ̀ báyìí, o ti dé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ta ló wá ń gba owó ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀?"

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní LAUTECH, yunifásítì tó wà nílùú wa, tó ń dúró de ìwé tó fẹ́ tẹ̀ dáhùn. "Bàbá, ẹ má bínú o. Tí aláboyún bá wá lọ bímọ síbi tí wọ́n ti ń dúró de físà ńkọ́? Ṣé ọmọ Amẹ́ríkà lọmọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni!"

Ariwo ta. Ọjọ́ náà ni mo ti pinnu pé màá jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, torí Bàbá nìkan kọ́ ló rò ó bẹ́ẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu pásítọ̀. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Kí ni wọ́n ń pè ní ẹ́ḿbásì?

Ẹ́ḿbásì ni ọ́fíìsì àgbà tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan ní ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè mìíràn, ibẹ̀ ló ti ń bá ìjọba tó gbà á lálejò sọ̀rọ̀. Aṣojú là ń pe olórí ibẹ̀. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè inú ẹgbẹ́ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì, irú bí Ìlú Ọba, Gánà, Íńdíà àti Kánádà, Háì Kọ́míṣọ́n ni wọ́n ń pe tiwọn. Orúkọ ló yàtọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Kọ́ńsúlẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ka: ó máa ń wà ní ìlú ńlá mìíràn, ó ń rí sí físà, ìwé ìrìnnà, àti ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú wọn tó bá kó sí wàhálà. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi ní ẹ́ḿbásì ní Àbújá, tó tún ní kọ́ńsúlẹ́ẹ̀tì ní Èkó.

Kò yẹ kí èyí ṣe àwa ará Ọ̀yọ́ ní àjèjì. Nígbà tí agbára Ọ̀yọ́ Ilé tàn dé ìlú púpọ̀, Aláàfin ní àwọn ìlàrí tó ń rán níṣẹ́. Apá kan orí wọn ni wọ́n ń fá, kí ẹni tó bá pàdé wọn lójú ọ̀nà lè mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọba ló rán wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlàrí, kì í ṣe ìlàrí ló fọwọ́ kàn. Aláàfin tún ní ajẹ́lẹ̀, ẹni tó ń gbé láàárín ìlú tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, tó ń ṣojú fún ọba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú àfiwé ajẹ́lẹ̀ o. Ajẹ́lẹ̀ ń gba owó òde fún ọ̀gá rẹ̀, ó sì lè pàṣẹ fún onílé. Aṣojú ayé òde òní kò láṣẹ kankan lórí ẹni tó gbà á lálejò. Ìlàrí ló jọ jù: iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló wá jẹ́, ààbò tó sì wà lórí ẹ̀, ti ẹni tó rán an ni.

Tí mo bá wọ géètì, ṣé mo ti kúrò ní Nàìjíríà?

Rárá. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ẹsẹ̀ rẹ ṣì wà.

Ká ní àlejò kan ti Ìséyìn wá bá yín, ẹ sì fún un ní yàrá. Ẹ kò ní já wọ yàrá yẹn láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ kò ní tú ẹrù rẹ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀yin lẹ ó kọ́kọ́ dìde. Síbẹ̀ yàrá yín ni. Tẹ́ ẹ bá ní nínú ilé yìí a kì í lu ìlù lóru, kò lè ní òfin yẹn kò kan òun torí pé òun ti ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní ìlú Vienna lọ́jọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1961 sọ kò jìnnà sí èyí. Abala 22 ní òṣìṣẹ́ ìjọba kankan kò gbọdọ̀ wọ ọgbà ẹ́ḿbásì àfi tí olórí ibẹ̀ bá gbà á láàyè. Abala kan náà di ẹrù ààbò ibẹ̀ lé ìjọba tó gbàlejò lórí. Abala 41 ní kí àwọn aṣojú bọ̀wọ̀ fún òfin ìlú tí wọ́n wà. Ẹ ka àdéhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ kò ní rí ibi tó ti ní ilẹ̀ náà ti di ti àlejò.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Julian Assange, ẹni tó dá WikiLeaks sílẹ̀, tí ọlọ́pàá Ìlú Ọba fẹ́ mú. Ní 2012 ó sá wọ ẹ́ḿbásì Ecuador ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 7 tó fi wà níbẹ̀, ọlọ́pàá Ìlú Ọba kò wọlé tọ̀ ọ́. Ní 2019, Ecuador fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn pé kí wọ́n wá mú un, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi wọ́ ọ jáde. Ilẹ̀kùn ló dá ọlọ́pàá dúró ní gbogbo ọdún yẹn, kì í ṣe ibodè.

Ti ọmọ LAUTECH ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n bá bí sínú ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà ní Àbújá, Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, òfin Amẹ́ríkà pàápàá kò sọ nǹkan mìíràn. Bí èmi àti ìwọ bá sì lu ara wa bolẹ̀ nínú ọgbà wọn, adájọ́ Nàìjíríà ló máa gbọ́ ẹjọ́ wa.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwa náà ní Accra

Bàbá Kùmásí kò gbà. Ó ní òyìnbó ló kọ àdéhùn yẹn, ẹni tó kọ̀wé ló mọ ohun tó fi pamọ́ síbẹ̀. Mo wá gbé e lọ sí Gánà tó mọ̀ dáadáa.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, àwọn kan gbé katakata wọ ọgbà tó jẹ́ ti Háì Kọ́míṣọ́n Nàìjíríà ní Accra, wọ́n wó ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ ló bí i. Àwọn onílẹ̀ ìbílẹ̀ Osu, àdúgbò kan ní Accra, ní tiwọn ni ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí ti mọ orúkọ tí à ń pe irú ìyẹn. Ọmọ onílẹ̀ ni. Kò sí ibi tí wọn ò sí.

Inú bí Nàìjíríà. Akufo-Addo tó jẹ́ Ààrẹ Gánà nígbà náà bẹ Buhari tó jẹ́ Ààrẹ tiwa. Nígbà tí ìjọba Gánà wádìí rẹ̀, wọ́n ní Nàìjíríà ti sanwó ilẹ̀ náà lóòótọ́ ní ọdún 2000, ó sì gba rìsíìtì, ṣùgbọ́n kò lépa rẹ̀ dé ibi tí wọ́n á ti fi ìwé ilẹ̀ tó pé lé e lọ́wọ́.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀. Gánà bẹ̀bẹ̀ torí pé iṣẹ́ ẹni tó gbàlejò ni láti dáàbò bo àlejò, kò sí àwáwí níbẹ̀, ìwé pé o, ìwé kò pé o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìbéèrè tó tẹ̀lé e: "Ìwé ilẹ̀ yín dà?" Òfin ilẹ̀ Gánà ló bi í. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ Nàìjíríà ni ibẹ̀, kí ni Nàìjíríà ń wá ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ Gánà fún?

Bàbá Kùmásí mirí. Ó ní Osu, òun mọ Osu dáadáa, ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí àǹtí òun ti ń ta aṣọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wọlé díẹ̀.

Owó ilẹ̀ wo ni wọ́n ń bèèrè ní Àbújá?

Ìṣákọ́lẹ̀ ni. N kò rí ọ̀rọ̀ tó bá a mu ju ìyẹn lọ.

Àgbẹ̀ tó bá gba ilẹ̀ dá oko, lọ́dọọdún ló ń di iṣu mélòó kan lọ fún onílẹ̀, tàbí kó gbé kèrègbè epo lọ. Iṣu yẹn kò tó iye tí ilẹ̀ tó, kò sì sẹ́ni tó retí pé kó tó o. Ohun tí iṣu náà ń sọ ni pé, "Mo ṣì mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni ín." Ọjọ́ tí kò bá gbé e lọ mọ́, ìyẹn lọjọ́ tí onílẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ pé kí lọkùnrin yìí ń gbèrò.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Gbogbo wa sì mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ṣì ń ta ilẹ̀, a ṣì ń lọ jókòó síwájú baálé, a ṣì ń tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Àbújá kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 297 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní gbogbo ilẹ̀ tó wà ní agbègbè olú-ìlú, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ti mọ̀lẹ́bí kò sí níbẹ̀ lójú òfin. Mínísítà olú-ìlú ló ń fún èèyàn ní ilẹ̀, òun ló ń buwọ́ lu C of O, ìwé ẹ̀rí pé ìjọba ti fún èèyàn ní ilẹ̀. Ọdún 99 ni ìwé yẹn máa ń sọ, owó ilẹ̀ ọdọọdún sì so mọ́ ọn. Ilé ìfowópamọ́ ń san án, ẹgbẹ́ òṣèlú ń san án, ẹ́ḿbásì tó bá gba ilẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀ náà wà nínú ìwé kan náà.

Nínú oṣù kẹta ọdún 2025 ni Mínísítà Nyesom Wike gba ìwé ilẹ̀ 4,794 lọ́wọ́ àwọn tó ti jẹ owó yìí ju ọdún 10 lọ, ní Central Area, Garki, Wuse, Maitama, Asokoro àti Guzape. Nígbà tó di ìparí oṣù karùn-ún, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilé pa, Ààrẹ Tinubu ní kí wọ́n fún àwọn èèyàn ní ọjọ́ 14 sí i. Inú eré yìí ni orúkọ ẹ́ḿbásì 34 ti jáde. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni iye rẹ̀: gbogbo gbèsè ẹ́ḿbásì 34 wọ̀nyẹn, láti 2014, kò tó mílíọ̀nù 4 náírà. Tòkúnbọ̀ gidi kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ iṣu ni lóòótọ́.

Ṣé dandan ni kí wọ́n san án? Abala 23 nínú àdéhùn Vienna yọ ẹ́ḿbásì kúrò nínú owó orí ilé, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tí wọ́n bá dìídì ṣe fún wọn, bí omi àti iná. Agbẹjọ́rò ẹ́ḿbásì lè dúró lórí ìyẹn pé owó ilẹ̀ náà wọ inú ẹ̀. Lójú tèmi, kò wọ̀ ọ́. Owó orí yàtọ̀ sí ìṣákọ́lẹ̀: ìjọba ń gba èkíní torí pé ó jẹ́ ìjọba, ó ń gba èkejì torí pé òun ló nilẹ̀. Abala 23 kan náà tún sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ kì í kà dé: tí ẹ́ḿbásì bá yá ilé lọ́wọ́ ẹnì kan, owó tí òfin bù lé onílé, onílé ni yóò san án. Kò lè sá sábẹ́ àsíá ẹni tó yá ilé rẹ̀.

Àmọ́ kí a má tan ara wa o. Géètì tí wọ́n fi ṣéènì dè ní ilé ìtura, wọn kò lè rọra dè é bẹ́ẹ̀ ní ẹ́ḿbásì. Abala 22 ṣì wà ńbẹ̀. Lẹ́tà ni wọ́n máa kọ, nípasẹ̀ iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lẹ́tà lórí lẹ́tà. Nàìjíríà náà sì ní ilé káàkiri ayé tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Kí ló kó wọn kúrò ní Èkó?

Èkó kún ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ kó wá ibòmíràn. Ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Akínọlá Àgùdà, ló jẹ́ alága. Táí Ṣólàárín wà nínú rẹ̀. Nínú oṣù kejì ọdún 1976 òfin jáde pé àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè ni olú-ìlú ń lọ, lórí ilẹ̀ tí wọ́n gé lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara ayé ìgbà yẹn. Ọmọ Yorùbá náà, Mobọ́lájí Ajóṣe-Adéògún, ni mínísítà àkọ́kọ́ tó bójú tó o. Orúkọ Àbújá pàápàá, wọ́n yá a ni: ìlú tó ń jẹ́ Àbújá tẹ́lẹ̀ ni Suleja òní.

Ilé iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kan ló ya àwòrán gbogbo ìlú, ó parí ní 1979. Kenzo Tange ará Jàpáánù ló fẹ̀ ẹ́ lójú fún Central Area. Lọ́jọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni Ààrẹ Babangida kó ìjọba lọ síbẹ̀.

Ẹ́ḿbásì kò bá a lọ lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní ilé tó dáa ní Victoria Island, etí ọ̀sà, pàápàá ní Eleke Crescent tó ti di Walter Carrington Crescent báyìí. Ọkọ̀ òfurufú wọn ń balẹ̀ ní Èkó, oníṣòwò wọn wà ní Èkó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń lọ, ọ̀pọ̀ nínú ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ sì di kọ́ńsúlẹ́ẹ̀tì. Amẹ́ríkà kò tiẹ̀ fi Èkó sílẹ̀ rárá. Ní 2022 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ kọ́ńsúlẹ́ẹ̀tì tuntun lélẹ̀ ní Eko Atlantic.

Ká sọ òótọ́, Àbújá ṣoríire. Côte d'Ivoire sọ Yamoussoukro di olú-ìlú ní 1983, títí dòní Abidjan ni àwọn ẹ́ḿbásì jókòó sí. Tanzania ní Dodoma ni láti 1973, Dar es Salaam ni ọ̀pọ̀ aṣojú ṣì wà. Ọba lè kó ààfin lọ, àlejò kò ní tìtorí ẹ̀ di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tó mú kí wọ́n máa bọ̀ ní Àbújá ni pé ìjọba ní ilẹ̀ lọ́wọ́ láti fún wọn. Àwọn ará Brazil ti ṣe irú ẹ̀ ní Brasília, tí wọ́n ṣí ní 1960: wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún ẹ́ḿbásì nínú àwòrán kí ilé kankan tó dìde. Íńdíà ní Chanakyapuri ní New Delhi. Ilẹ̀ fẹ̀, ọ̀nà fẹ̀, ààbò kò ṣòro ṣètò.

Kí ló dé tí àwọn ẹ́ḿbásì kan tún wà láàárín ilé gbígbé?

Nínú àwòrán Àbújá, Central Area ló wà láàárín, ìdí Aso Rock ni Ilé Ààrẹ, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin àti Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wà. Nínú Central Area yìí ni àdúgbò àwọn aṣojú wà, ibi tí Diplomatic Drive gbà kọjá. Ẹ́ḿbásì Amẹ́ríkà wà lójú ọ̀nà yẹn. Ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èyí tí Boko Haram fi ọkọ̀ tó gbé bọ́m̀bù kọlù lọ́jọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí èèyàn tó ju 20 sì kú. Ẹni tó bá ń bi ara ẹ̀ pé kí ni gbogbo ògiri àti kọnkéré ojú ọ̀nà wọ̀nyẹn ń ṣe níbẹ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn ló lówó tàbí sùúrù láti kọ́lé. Àwọn mìíràn yá ilé ńláńlá ní Maitama àti Asokoro. Ilé gbígbé ni àwòrán ìlú ní kó wà níbẹ̀, fún àwọn èèyàn ńlá. Ní Maitama, orúkọ odò ayé ni wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ òpópónà: Nile, Danube, Mississippi, Thames. Òpópónà tí ẹ́ḿbásì kan bá wọ̀, ẹ máa rí ìyàtọ̀ láàárín ọdún kan sí méjì. Irin ìdènà á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ahéré ọlọ́pàá. Aládùúgbò tó ń wakọ̀ wọ ilé ara rẹ̀ á máa ṣàlàyé ibi tó ń lọ. Onílé ọwọ́ ọ̀tún á gbọ́ iye tí onílé ọwọ́ òsì ń gbà, òun náà á lé ayálégbé rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ilé gbígbé ti tán lójú ọ̀nà náà, ọ́fíìsì, ilé ìtura àti ilé oúnjẹ ló kù.

Mo ti dúró níbẹ̀ rí. Mo bá ìbátan mi kan lọ fún físà. Òru la kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, a gba Ìlọrin, a gba Lọ́kọ́ja. Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí èrò ti tò. Wọn ò gbà kí a gbé fóònù wọlé. Obìnrin kan jókòó sábẹ́ agboòrùn lódìkejì ọ̀nà, ó ní báàgì ráḿbá, ó ní ègé páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. O fún un ní fóònù àti owó, ó fún ọ ní páálí. Ó ń gbọ́ Haúsá, ó ń gbọ́ Yorùbá, ó tún ń sọ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n tọ́ kọ́là wọn. Wákàtí mẹ́ta ni ìbátan mi lò nínú ilé, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fi bi í ní ìbéèrè. Nígbà tó jáde, ojú ẹ̀ ti sọ fún mi kí ó tó la ẹnu. Obìnrin náà yọ fóònù fún un, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n á tún pè yín." Bóyá òun ni aṣojú tó mọ iṣẹ́ jù lójú ọ̀nà yẹn.

Àwọn wo ló wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀?

Àwọn Gbagyi ló pọ̀ jù, pẹ̀lú Koro, Gade, Bassa, Gwandara. Àgbẹ̀ ni wọ́n, amọ̀kòkò ni àwọn obìnrin wọn. Garki, Wuse, Maitama, orúkọ abúlé ni kó tó di orúkọ àdúgbò. Èrò ìjọba níbẹ̀rẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn kúrò pátápátá, kí ilẹ̀ náà má jẹ́ ti ẹ̀yà kankan. Nígbà tí wọ́n ṣírò owó gbà-máà-bínú, wọ́n rí i pé ó pọ̀, wọ́n wá ní ẹni tó bá fẹ́ lè dúró, kìkì pé kí wọ́n lè ṣí i nípò tí ìlú bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé abúlé Garki ṣì wà títí dòní láàárín àdúgbò Garki, tí iléeṣẹ́ àti báǹkì yí i ká.

Ẹ tún rántí abala 297. Onílẹ̀ tí bàbá ńlá ẹ̀ wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, òfin kò mọ̀ ọ́n ní onílẹ̀. Ẹ́ḿbásì tó dé lánàá ní C of O. Òun kò ní. N kò mọ ọ̀rọ̀ tó lè bọ́gbọ́n mu tí èèyàn lè fi ṣàlàyé ìyẹn fún àgbàlagbà Gbagyi kan.

Lẹ́yìn Maitama gan-an, lórí òkè, Mpape wà. Abúlé Gbagyi ni, àwọn tó ń fọ́ òkúta fún ilé kíkọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ńlá, lẹ́yìn náà gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Maitama tí kò lè gbé Maitama. Ní 2012 ìjọba ní àwọn máa wó o. Àwọn ará ibẹ̀ gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé ibẹ̀. Ó ń ṣọ́ géètì ní ilé kan tí orílẹ̀-èdè kan fi ṣe ẹ́ḿbásì ní Maitama. Orúkọ ẹ̀ kò kàn yín. Aago mẹ́rin àbọ̀ ló ń jí, ó ń sọ̀kalẹ̀ látorí òkè nínú òkùnkùn, kò sì ní ju ogójì ìṣẹ́jú lọ kó tó dé ibi tí iná kì í kú. Lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn yẹn sọ, mo pè é, mo gbé fóònù sí etí gbangba kí Bàbá Kùmásí lè gbọ́. Mo bi í bóyá wọ́n ti wá ti géètì wọn.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá, lẹ́tà ni wọ́n mú wá. Èmi ni mo gbà á. Mo fọwọ́ sí i."

Bàbá ké sí i látẹ̀yìn. "Ọmọ mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí òkè ńkọ́? Èló ni tiyín?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní onílé òun ní ìwé tí wọ́n gbà ní káńsù nígbà kan, kì í ṣe C of O. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń gbé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mú lẹ́tà owó ilẹ̀ wá rí, ọ̀dà pupa nìkan ni wọ́n fi kọ nǹkan sára ògiri. "Onílé wa ní tí wọ́n bá lè mú lẹ́tà yẹn wá fún òun lẹ́ẹ̀kan péré, Bàbá, ọjọ́ yẹn gan-an lòun máa sanwó. Ó ní òun á san tọdún tó ń bọ̀ mọ́ ọn."

Bàbá Kùmásí wò mí. Ó ní, "Kò rẹ́ni gba iṣu lọ́wọ́ ẹ̀."